Ìrora Kò Gbé Mi Lọ, Oògùn Ìrora Kò Gbé Mi Lọ: Ẹ Bá Mi Dúpẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ fi ààwẹ̀ àti àdúrà dúró tì mí nígbà tí mo dùbúlẹ̀, mo kí yín o. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo wá dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń dúpẹ́ fún gan-an, torí mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń sọ ọ́ kiri lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Wọ́n ní Ọlọ́run fún mi lágbára débi pé wọ́n la ikùn mi, mi ò sì mọ ìrora kankan. Rárá o. Mo mọ ìrora. Mo sì gba oògùn. Oògùn tó lágbára ni, inú iṣan ni wọ́n ń gbé e gbà, Ọlọ́run sì fi àwọn tó mọṣẹ́ wọn yí mi ká, wọn ò jẹ́ kí ìrora pa mí, wọn ò sì jẹ́ kí oògùn ìrora ṣe mí ní jàǹbá. Ẹ̀rí tèmi nìyẹn, mi ò ní òmíràn.

Ọ̀pọ̀ yín mọ̀ pé fáíbírọ́ìdì, kókó tó ń hù sí ilé ọmọ, ti ń bá mi fà á tipẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń dà lára mi lóṣooṣù kò jẹ́ kí n lókun mọ́, ikùn mi sì yọ débi pé àwọn èèyàn ń dìde fún mi nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n rò pé mo lóyún. Àwa obìnrin aláwọ̀ dúdú ni nǹkan yìí wọ́pọ̀ lára wa jù. Àwọn dókítà níbí ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn kókó náà ti tóbi kọjá ohun tí wọ́n lè gba ihò kékeré yọ, àfi kí wọ́n la ikùn, kí wọ́n kó wọn kúrò, kí wọ́n sì fi ilé ọmọ sílẹ̀. Mo fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa, mi ò ní fa ìyẹn gùn.

Kì í ṣe ọ̀bẹ ló ń bà mí lẹ́rù, ohun tó wà lẹ́yìn ọ̀bẹ ni. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ṣe irú iṣẹ́ abẹ yìí nílé, ohun tó sọ fún mi nípa òru àkọ́kọ́ kò sì kúrò lọ́kàn mi. Ìgbà tí mo tún wá gbọ́ orúkọ oògùn tí wọ́n fẹ́ fún mi, mọ́fíìnì, ẹ̀rù náà di méjì. Ẹ mọ bí orúkọ yẹn ṣe ń dún létí wa. Ẹnì kan nínú ẹbí wa ní oògùn àwọn tó ń kú lọ ni. Ẹlòmíràn ní tí wọ́n bá ti fún mi báyìí, ó ti di bárakú nìyẹn. Màmá kan tí mo bọ̀wọ̀ fún gan-an fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn, ó ní kí n fara dà á, pé àwọn obìnrin Hébérù kì í pariwo. (Ọmọ ni àwọn obìnrin Hébérù ń bí o, mi ò kà á níbì kankan pé ẹnikẹ́ni la ikùn wọn.)

Dókítà tó máa kùn mí lóorun ló kọ́kọ́ mú ọkàn mi balẹ̀. Ó fa àga, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè. Ṣé mo ní ọgbẹ́ inú? Ṣé mo máa ń hanrun? Oògùn wo ni kò bá mi lára mu? Mo sọ fún un pé mo ní ikọ́ fée láti kékeré, àti pé nígbà kan tí mo lo ibuprofen fún ẹ̀fọ́rí, àyà mi há débi pé wọ́n gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní ibuprofen, diclofenac àti gbogbo mọ̀lẹ́bí wọn ti kúrò nínú tèmi nìyẹn. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ, wọ́n so ọ̀já pupa mọ́ mi lọ́wọ́, kò sì sí nọ́ọ̀sì tó fún mi ní oògùn tí kò kọ́kọ́ wo ọ̀já yẹn, tí kò tún bi mí ní orúkọ àti ọjọ́ ìbí mi bí ẹni pé a kò tíì pàdé rí. Ó sú mi nígbà yẹn. Kò sú mi mọ́.

Mo bi dókítà náà pé ṣé mi ò ní di ẹrú mọ́fíìnì. Ó ní lílò ó fún àkókò kúkúrú nítorí ìrora iṣẹ́ abẹ, lábẹ́ ojú àwọn tó mọ̀ ọ́n, yàtọ̀ sí kéèyàn máa fi ṣeré. Ó wá sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí: ẹni tí ikùn ń ro kì í lè mí kanlẹ̀, kì í lè húkọ́, kì í sì fẹ́ dìde. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á dúró sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, àrùn á wọ ibẹ̀. Ẹsẹ̀ tí kò rìn, ẹ̀jẹ̀ lè dì sínú iṣan rẹ̀. Ó ní òun kò fún mi ní oògùn nítorí pé mo jẹ́ ọ̀lẹ, kí n lè dìde rìn lòun ṣe fún mi.

Nígbà tí mo jí lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ìrora ti ń dúró dè mí kí n tó lajú. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n fún ìrora náà ní máàkì, láti òdo dé 10. Mo ní 9. Ó fi mọ́fíìnì díẹ̀ sí mi ní iṣan, ó dúró, ó wo ojú mi, ó tún bi mí. Ó fi díẹ̀ sí i, ó tún dúró. Ó ń ṣe é bẹ́ẹ̀ títí mo fi sọ pé 4. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ẹ̀rọ yìí, torí pé òun ló dá ìjà sílẹ̀. Sìríńjì ńlá tí mọ́fíìnì wà nínú rẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ inú àpótí kan, ọwọ́ nọ́ọ̀sì ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ọ̀pá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti ibẹ̀ wọ kánúlà, ike kékeré tí wọ́n kì bọ iṣan lẹ́yìn ọwọ́ mi, ohun kan sì wà lójú ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kí oògùn náà padà sẹ́yìn sínú omi tó ń kán sí mi lára. Wọ́n wá fún mi ní bọ́tìnnì. Bí ara bá ro mí, kí n tẹ̀ ẹ́. Mílígíráàmù 1 péré ló ń wọlé, lẹ́yìn náà ẹ̀rọ á ti ara rẹ̀ pa fún ìṣẹ́jú 5. Bó o bá ń tẹ̀ ẹ́ nígbà ogún láàárín ìṣẹ́jú 5 yẹn, kò ní dá ẹ lóhùn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, wọ́n ń gbé parasítámọ́ọ̀lù kọ́ sókè fún mi, gíráàmù 1 tí ń kán wọlé fún ìṣẹ́jú 15, ní wákàtí mẹ́fà mẹ́fà. Wọ́n kọ́kọ́ bi mí bóyá mo ti gbé Panadol kankan mì láti inú báàgì, torí gíráàmù 4 ni kò gbọ́dọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ ló ń bá jà. Mo wo màmá mi, màmá mi wo báàgì wọn. Wọn ò tíì fún mi, ọpẹ́ ni.

Màmá mi wá láti Ìjẹ̀bú-Òde láti tọ́jú mi. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, oorun gbé mi lọ. Wọ́n ní mo ń fa ojú ro lójú oorun, ni ìyá bá ní kí ọmọ òun má jìyà, wọ́n na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin ará Íńdíà tó wà ní wọ́ọ̀dù tajú kán rí wọn. Ó sáré dé, ó gba nǹkan náà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú ìrẹ̀lẹ̀, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá mi ń sọ Ìjẹ̀bú. Ó kù díẹ̀ kí ó di ìjà, ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe nọ́ọ̀sì ọmọ Èkìtì kan láti wọ́ọ̀dù kejì.

Ọmọbìnrin yẹn kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Ẹni tó ń jẹ̀rora nìkan ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yìí. Bí oògùn náà bá ti tó lára rẹ̀, oorun á gbé e, ọwọ́ rẹ̀ ò ní lè tẹ nǹkankan. Oorun yẹn ló ń dáàbò bò ó. Bí ẹ bá wá ń bá a tẹ̀ ẹ́ nígbà tó ti sùn, oògùn á máa wọlé lórí oògùn, mímí rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀, ẹ̀yin á sì rò pé ó ń sùn dáadáa ni."

Màmá mi dìde dúró. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!" Láti ìgbà yẹn, àwọn ni wọ́n di ọlọ́dẹ. Nígbà tí ọkọ mi fẹ́ gbé bọ́tìnnì náà kúrò lórí àyà mi kó lè tún ìrọ̀rí mi ṣe, ẹ ò gbọ́ ohùn tí wọ́n fi sọ pé, "Fi í lẹ̀!" Pásítọ̀ náà fẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú láti gbàdúrà, màmá mi ní kí wọ́n di ọwọ́ kejì mú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá di ẹ̀rí gan-an ni òru. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi, ojú, imú, gbogbo ẹ̀yìn. Mọ́fíìnì máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Wọ́n fún mi ní oògùn ara yíyún kan, èyí sì máa ń múni tòògbé. Oorun wá kún oorun.

Nọ́ọ̀sì ará Íńdíà yẹn ń wá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kì í kàn wo ẹ̀rọ tó há sí mi níka kó máa lọ. Ó máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó máa wo àyà mi bó ṣe ń lọ sókè sódò, ojú rẹ̀ á wà lára aago, ó máa ka iye ìgbà tí mo mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó wà ní àlàáfíà ń mí tó ìgbà 12 sí 20. Nígbà tó kà á lóru yẹn, 9 ló rí. Ó gbé bọ́tìnnì kúrò lọ́wọ́ mi. Ó gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó fi kún ọ́síjìn tó ń wọ imú mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ mi, ó ní kí n mí kanlẹ̀, kí n tún mí. Mo ń gbọ́ ọ láti ọ̀nà jíjìn. Ó pe dókítà, ó sì gbé oògùn kan tí wọ́n ń pè ní naloxone sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, èyí tó ń lé mọ́fíìnì kúrò níbi tó ti ń di mímí lọ́wọ́, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọn ò lò ó. Bí mo ṣe ń jí, mímí mi ń padà bọ̀ sípò, 11, 12, 14. Dókítà dá oògùn ara yíyún yẹn dúró, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, wọn ò sì dá bọ́tìnnì padà fún mi àfi ìgbà tí ojú mi dá kedere. Nọ́ọ̀sì yẹn fa àga, ó jókòó síbi tí yóò ti máa rí mi.

Màmá mi ti padà sílé nígbà yẹn. Wọ́n ní oorun dá lójú àwọn lóru ọjọ́ náà, àwọn sì dìde gbàdúrà. Mi ò bá wọn jiyàn, mo mọ Ọlọ́run tí wọ́n ń pè. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ níwájú yín, kí orúkọ Ọlọ́run lè túbọ̀ ga: ẹni tó rán sí mi ni ọkùnrin tó mọ ìṣirò 9 àti 12, tó sì ń ka mímí àwọn ẹlòmíràn nígbà tí gbogbo wa ń sùn.

Lọ́jọ́ kejì mo dìde. Mo gbá ìrọ̀rí mọ́ ikùn, mo húkọ́, mo rìn dé ojú fèrèsé. Ìrora wà, ṣùgbọ́n ó ṣeé gbé. Nígbà tó yá wọ́n yọ ẹ̀rọ náà, oògùn oníhóró ni mo ń lò títí mo fi délé, mo sì bọ́ lọ́wọ́ mọ́fíìnì láìsí pé ara mi bèèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni mi ò lè fi sílẹ̀, ó sì ti gbà mí láyè láti sọ ọ́. Lóru tirẹ̀, oògùn ìrora kan tó ń jẹ́ pentazocine ni wọ́n kọ fún un, kò sí i nílé ìwòsàn náà, ọkọ rẹ̀ ló gbé ìwé oògùn jáde lóru. Ilé oògùn tó kọ́kọ́ dé ti tì. Èyí tó tẹ̀ lé e kò ní i. Ìgbà tó fi rí i rà tó sì padà dé, ẹ̀gbọ́n mi ti gé ètè ara rẹ̀ jẹ. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń bá a sunkún, mi ò dá wọn lẹ́bi, èèyàn kì í fi ọwọ́ lásán pa ìrora. Bẹ́ẹ̀, mọ́fíìnì tí mo ń sọ yìí ti wà nínú ìwé àwọn oògùn kòṣeémánìí Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1977. Ó ti pẹ́ láyé, kì í sì í ṣe oògùn olówó gọbọi. Nígbà tí mo ń tẹ bọ́tìnnì mi, ẹ̀gbọ́n mi ló ń wá sí mi lọ́kàn, kì í ṣe àwọn obìnrin Hébérù.

Nítorí náà, ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni màá jó wọ inú ìjọ. Aṣọ funfun ni, ẹ má ra aṣọ tuntun. Ẹ má sì ra ẹ̀bùn fún mi, mo bẹ̀ yín. Àpótí kan máa wà lẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ẹ bá ní lọ́kàn láti fún mi, inú rẹ̀ ni kí ẹ fi sí. Ẹ̀gbọ́n mi ló máa gbà á nílé, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á máa fi san owó oògùn ìrora fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ tí ẹbí wọn kò lówó lọ́wọ́. Nọ́ọ̀sì ọmọ Èkìtì yẹn ti ṣèlérí pé òun máa wá, ẹ ó rí i. Ìrẹsì àti mọ́ín-mọ́ín wà lẹ́yìn ìsìn. Màmá mi ló ń se é, ẹ tètè dé.