Olórí Àjọ Ni Kí Ó Kó Kẹ́yìn

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìparí oṣù

Owó oṣù ti wọlé, àwọn tó ń dá èésú sì ti ń pe ara wọn láti àná. Kì í ṣe ti alájọ tó ń gbé káàdì kiri, tó ń gba owó ojúmọ́, tó sì ń yọ owó ọjọ́ kan lóṣù fún làálàá rẹ̀, ni mo ń sọ. Èyí tí èèyàn mẹ́wàá tàbí méjìlá kóra jọ dá ni, tí ẹnì kan ń kó lóṣù yìí, tí ẹlòmíràn ń kó lóṣù tó ń bọ̀, títí tí yóò fi kárí. Kò sí ọ́fíìsì, kò sí lọ́yà, bẹ́ẹ̀ ni owó tó ń gba ọwọ́ olórí kọjá ju owó oṣù ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Bí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan lè darí èèyàn, ibẹ̀ ni mo máa ń wò.

Ká mú èèyàn 12, kí kálukú máa dá ₦20,000. ₦240,000 ni ẹni tó bá kàn yóò kó. Àpò ẹni tí owó rẹ̀ kéré jù ni kí olórí fi wọn iye tí wọ́n máa dá. Ẹni tó ń gba ₦80,000, tó ń dá ₦20,000, ti fi ìdá kan nínú mẹ́rin owó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó ra gààrí. Bí ọmọ rẹ̀ bá ṣàìsàn lóṣù kan péré, ó di ajẹgbèsè. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́nu lè fi orúkọ méjì sílẹ̀, kó máa dá ìlọ́po méjì, kó sì kó lẹ́ẹ̀mejì. Kò yẹ kó fa àwọn tó kù sókè tipátipá.

Ètò ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó gan-an ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ti yá owó lọ́wọ́ àwọn 11 láìsan èlé. Ẹni ìkẹyìn ló ń yá wọn lówó. Nítorí náà, wọ́n máa ń ṣẹ́ kèké: ká kọ nọ́ńbà sí ìwé, ká ká a, kí ọmọdé mú un níṣojú gbogbo èèyàn. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ wà nínú àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́, kó tilẹ̀ jẹ́ àbúrò olórí. Bí ẹni méjì bá fẹ́ pààrọ̀ nọ́ńbà, kí àwọn méjèèjì sọ ọ́ létí gbogbo ẹgbẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, olórí ló máa ń kọ́kọ́ kó. Wọ́n ní èrè làálàá rẹ̀ ni. Èmi kò fara mọ́ ọn. Olórí tó ti kó tán kò ní ohun tó máa pàdánù mọ́ bí àjọ bá dàrú lóṣù karùn-ún. Bó bá jẹ́ òun ló máa kó kẹ́yìn, kò ní sùn lé e. Òótọ́ ni pé ọ̀wọ́n-gógó ń jẹ owó ẹni ìkẹyìn: lọ́dún 2024, iye owó ọjà ní Nàìjíríà fò ju ìdá 30 nínú 100 lọ. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí yípo, ìyẹn àkókò tí kíkó fi ń kárí gbogbo wọn, kúrú. Kí àwọn 12 náà máa dá ₦10,000 lọ́sẹ̀ méjìméjì. ₦120,000 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò kó, yóò sì parí láàárín ọ̀sẹ̀ 24.

Ohun tó ń ba àjọ jẹ́ jù ni ẹni tó kó lóṣù kejì, tó dá owó dé oṣù kẹrin, tó wá dákẹ́. ₦80,000 ló ti dá, ₦240,000 ló ti kó. ₦160,000 ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Olórí onítìjú á fi owó ara rẹ̀ dí i lóṣù karùn-ún, kó má baà dójú tini. Lóṣù kẹfà, kò ní í mọ́, á wá fi owó ẹni tó tètè dá dí ihò ẹlòmíràn. Báyìí ni èèyàn rere ṣe ń di olè lójú ẹgbẹ́. Bí ẹnì kan bá dákẹ́, kí gbogbo wọn gbọ́ kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé. Bí ẹni náà bá ń ṣàìsàn lóòótọ́, ẹgbẹ́ ni kó pinnu iye oṣù tí wọ́n máa fi dúró dè é. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Ìdènà tó dára jù ni owó ìdúró. Kí àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ fi ₦20,000 sílẹ̀ nínú ohun tí wọ́n kó, kí kálukú sì mú onídùúró wá. ₦80,000 yẹn lè dí àyè ẹnì kan fún oṣù mẹ́rin kí onídùúró tó sanwó. Kí orúkọ ẹni méjì wà lórí àkáǹtì tí owó náà wà.

Ti àkọsílẹ̀ owó kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìwé kan, ìlà márùn-ún: orúkọ, ọjọ́, iye, ọ̀nà tó gbà wọlé, ìbuwọ́lùwé. Kí orúkọ olórí kọ́kọ́ wọlé lóṣooṣù. Àlàáàtì orí fóònù kì í ṣe owó. Kó wo àkáǹtì kó tó kọ “ó ti san”. Ẹni tó bá pẹ́, kí ó pè é ní òun nìkan, ní òwúrọ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ti oṣù yìí kò tíì wọlé, mo ní kí n rán yín létí.” Bí olórí bá kọ orúkọ èèyàn síta lọ́jọ́ àkọ́kọ́, onítọ̀hún kò ní gbé fóònù rẹ̀ mọ́, gbèsè á sì di ọ̀tá.

Bí yípo bá parí, kí owó ìdúró padà sọ́wọ́ àwọn tó ni ín láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, kí wọ́n tó dárúkọ yípo tuntun. Kí ìwé náà sì kúrò lọ́wọ́ olórí. Láti oṣù keje ni kí ẹnì kan ti máa bá olórí ka ìwé náà; ẹni yẹn ni kó gbà á.