Mo kọ ìtàn ojú ewé mẹ́rin, mi ò béèrè ibi tí a ó ti tọ̀

Ọjọ́bọ̀ tó kọjá ni ẹgbẹ́ àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wo ààfin Aláàfin l'Ọ́yọ̀ọ́. Ojú ṣì ń tì mí. Èmi akọ̀wé ni mo ṣètò ìrìn àjò náà. Mo kọ ojú ewé mẹ́rin gbáko nípa bí Ọ̀yọ́-Ilé ṣe tú, tí Aláàfin Àtìbà fi sọ Àgọ́-Ọ̀jà di Ọ̀yọ́ tuntun. Ibi tí èèyàn 22, tí ẹni tó kéré jù nínú wa ti lé ní ọdún 60, yóò ti tọ̀, mi ò ronú kàn án.

Ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn. Tírélà kan dábùú títì, ọkọ̀ wa dúró gbagidi. Mo ti lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi láàárọ̀, èyí tó máa ń jẹ́ kéèyàn tọ̀ ṣáá. (Ẹ má wulẹ̀ ní kí n má lò ó. Dókítà ní n kò gbọdọ̀ fò ó.) Ẹ̀yìn pátápátá ni mo jókòó sí, lẹ́bàá fèrèsé. Èmi tí mo fi ọdún 31 sọ fún ọmọ kíláàsì pé kó nawọ́ bó bá fẹ́ jáde, n kò lè nawọ́. Mo fún itan pọ̀. Nígbà tí ọkọ̀ wá ṣí, táyà já sí kòtò, ó bọ́. Mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń gbóná lọ sínú bàtà mi. Ọ̀rẹ́ mi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wo aṣọ ẹgbẹ́ tó ti rin. Kò sọ nǹkan kan. Ó ṣí ike omi rẹ̀, ó dà á sí itan ara rẹ̀ àti tèmi, ó wá figbe ta: "Dẹ́rẹ́bà, ẹ rọra o! Omi ti dà sí wa lára!"

A ra ìró ní ọjà Akẹ̀sán, a wo àwọn kọbì (ìloro) ààfin, a wo àwọn tó ń fín igbá, a padà sílé.

Ẹ béèrè ilé ìtọ̀ kí ẹ tó béèrè ìtàn. Kí dẹ́rẹ́bà máa dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, à báà fẹ́ tọ̀, à báà má fẹ́. Ẹni tó ń lo irú oògùn mi, kó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn, kó mú ìró kejì dání, kó sì bi dókítà rẹ̀ ìgbà tó yẹ kó lò ó lọ́jọ́ ìrìn àjò. Bíbéèrè ni mo wí o, n kò ní kẹ́nikẹ́ni fò ó. Kí ẹ sì béèrè ilé ìtọ̀.

Alága ti ní Ọ̀yọ́-Ilé ló kàn, nínú igbó ọba. Mo ní ilé ìtọ̀ ńkọ́? Ó ní, "Ìyá Akọ̀wé, igbó mà nìyẹn."