Ọmọ Òṣómàáló ní Houston

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló sì ni bàbá bàbá mi. Wọ́n á ta aṣọ láwìn fún ará oko. Bí ọjọ́ owó bá pé tí oníbàárà wá ń sọ ìtàn, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn ò ní dìde àfi kí owó pé. Bí wọ́n ṣe fi ìbẹ̀rù gbèsè tọ́ bàbá mi nìyẹn, tí àwọn náà fi tọ́ mi.

Mo gbé e dé Houston ní Amẹ́ríkà. Mo wọ báǹkì, mo ní mo fẹ́ gba credit card, káàdì tí wọ́n fi ń rajà láwìn. Ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà tẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan nípa mi. Mo fọwọ́ sọ̀yà: kò lè rí i, n kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ rí! Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọ òrukàn. Ó ní ohun tó fà á gan-an nìyẹn. Wọ́n ń fún àwọn tó ń jẹ gbèsè ní máàkì, láti 300 dé 850. Odindi 300 tó jẹ́ ti olódo, èmi ò ní in.

Ó wá ní kí n fi 200 dọ́là sílẹ̀, káwọn fún mi ní káàdì tí mo lè fi ná 200 dọ́là. Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bí bàbá àgbà bá mọ irú òwò yìí ni, wọn ì bá má lóṣòó rárá.

Nígbà tí káàdì dé, mo gba òpópónà Bissonnet lọ, mo ra iṣu méjì, gàrí, epo pupa àti pańla tó le bí igi. 61 dọ́là. Ẹ̀rọ ké píì, mo rìn jáde bí ọmọ olówó. Ìwé gbèsè dé, mo rẹ́rìn-ín. Ṣebí 200 mi wà lọ́wọ́ wọn? Kí wọ́n yọ ọ́ níbẹ̀. Mo fi ìwé náà di eegun pańla dànù.

Ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀. Ohùn obìnrin jẹ́jẹ́, ẹ̀rọ ni. Kò bú mi, kò sì gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Mo wà nílé ìwẹ̀, ọṣẹ lójú, ó dún. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, bí pásítọ̀ ṣe ní ká dijú, ó dún.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi tó ti pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. Wọ́n ní ìdógò lásán ni 200 yẹn, ọ̀tọ̀ ni kí n san ohun tí mo ná, owó ìtanràn sì ti gun orí ẹ̀.

Mo san án lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo wá pe bàámi nílé, mo ròyìn gbogbo ẹ̀. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ẹ̀rọ yẹn," ni wọ́n wí, "ibo ló lóṣòó sí?"