Wọn ò béèrè ibi tómi ń lọ

Ọjọ́bọ̀, lálẹ́. Wọ́n ti múná lọ.

Ọkọ̀ ti padà sílé. Wọ́n pààrọ̀ wọ́tà pọ́ǹpù rẹ̀ lónìí, wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì táímínì mọ́ ọn, mo sì wà á láti Tákíe, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, délé láìsí wàhálà. Ó yẹ kí n ti sùn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan ni mo gbọ́ lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò tíì kúrò láyà mi láti ọ̀sán.

Èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ ọ́. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n wà lẹ́yìn mi. Ọmọ iṣẹ́ ló bi ọ̀gá rẹ̀ pé kí ló dé tó fi bàjẹ́ tó báyìí kí wọ́n tó gbé e wá. Ọ̀gá ní, "Omi ni wọ́n kàn ń bù sí i. Wọn ò béèrè ibi tómi ń lọ."

Ó tán. Ó ní kí ọmọ náà na sípánà mẹ́rìnlá sí òun, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Wọ́n" ló pè mí. Ká ní ó bú mi ni, ǹ bá ti dá a lóhùn, ǹ bá sì ti gbàgbé kí n tó délé. Ọ̀wọ̀ ló fi sọ ọ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Bóyá ìdí tó fi wọ̀ mí lára bẹ́ẹ̀ nìyẹn.

Mo sì béèrè o. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀ ń tutù lábẹ́ ọkọ̀ láàárọ̀, lápá ọ̀tún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, mo béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá mi tún un ṣe nígbà náà. Ó ní ìdérí rédíétọ̀ ni. A ra òmíràn, kò dúró. Ó ní páìpù ni, ó fi wáyà dì í. Lẹ́yìn ìyẹn ni mi ò béèrè mọ́. Mo ra kẹ́ẹ̀gì lítà márùn-ún, mo gbé e sínú búùtù. Láràárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, màá ṣí rédíétọ̀, màá bu omi sí i títí á fi kún. Ó di ara iṣẹ́ àárọ̀: gbálẹ̀, gbàdúrà, bu omi sọ́kọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ẹ̀gì kan ń lò mí lọ́sẹ̀ méjì. Nígbà tó yá, kò pé ọjọ́ méjì mọ́.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo béèrè. Ẹ̀ẹ̀mejì kì í ṣe kékeré.

Ariwo rẹ̀ náà wà níbẹ̀, mi ò lè ní mi ò gbọ́. Tí mo bá ti sítáàtì, á máa dún bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ lórí ọlọ. Tí mo bá tẹná, ohùn náà á bá a ròkè. Mo ní ọkọ̀ àgbà ni, Camry Orobo ọdún 1996, kí ni kò ní dún lára rẹ̀? Eegun èmi náà ń dún tí mo bá ń dìde lórí ìjókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mò ń bọ̀ láti Ọ̀yọ́. Mo ti kọjá Odò-Ọbà nígbà tí ọwọ́ géèjì tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó, tí kì í dé ìdajì, bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mo ń wò ó, mò ń sọ fún un pé jọ̀ọ́, jẹ́ ká délé. Ó dé ibi pupa. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa á, ooru ń rú lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, tírélà ń kọjá, ọkọ̀ ń mì. Ọmọkùnrin kan sáré wá láti ràn mí lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí ìdérí rédíétọ̀. Mo ké mọ́ ọn débi pé ẹ̀rù bà á. Omi tó ń hó wà níbẹ̀, á tú jáde sójú èèyàn ni. A dúró ju wákàtí kan lọ kí ara irin tó rọlẹ̀, kí a tó bu omi díẹ̀díẹ̀ sí i. Torí tí omi tútù bá dà lójijì sínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná bẹ́ẹ̀, ó lè sán. Kí Ọlọ́run bá mi bùkún ọmọ náà. Mi ò bi í lórúkọ.

Ẹ ò wá rí i pé mo mọ nǹkan. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Kí ló wá dé...

Lónìí, wọ́n yọ táyà iwájú, wọ́n fi jáàkì ti ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀ kí wọ́n lè tú ẹ́ńjìnnì síìtì tó gbé e dúró, wọ́n ṣí ìbòrí bẹ́líìtì. Ọ̀gá pè mí. "Ẹ wá fojú ara yín rí i, Mọ́mì." Ihò kékeré kan wà lára pọ́ǹpù náà. Síìlì tó wà nínú ni kì í jẹ́ kí omi jáde. Tó bá ti jẹ, ihò yẹn lomi á máa gbà yọ, kó má baà wọ inú bẹ́ríìnì tó ń jẹ́ kí pọ́ǹpù yí. Ipa ìpẹtà ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu ihò náà bí ojú ẹni tó sunkún sùn. Ó ní kí n fọwọ́ yí púlì rẹ̀. Ó ń ha, ó sì ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ìyẹn ni ata tí mò ń gbọ́ láràárọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ìgbà tí wọ́n yọ ọ́ tán. Abẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ tó máa ń ti omi yíká inú ẹ́ńjìnnì, ìpẹtà ti jẹ ẹ́ létí yípo. Ọ̀gá ní omi kànga ni. Kúláǹtì ní ohun tó ń lé ìpẹtà, ó sì ń rọ síìlì lọ́rùn. Omi lásán kò ní in. Láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀ yìí, omi lásán ni. Nítorí náà, ohun tí mò ń bù sí i láràárọ̀, tí mo rò pé mo fi ń tọ́jú rẹ̀, òun náà wà lára ohun tó ń jẹ ẹ́.

Mo padà lọ jókòó. Àwọn ọmọ ń sọ òkò sí máńgòrò, ọ̀kan mú ẹyọ kan wá fún mi, ó kúnlẹ̀. Mi ò lè jẹ ẹ́.

Tuntun ni mo rà. Ọ̀gá ní tòkunbọ̀ wà, kò sì wọ́n tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè fojú wo síìlì kó mọ iye ọjọ́ tó kù fún un? Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀. Bẹ́líìtì táímínì ló ń yí pọ́ǹpù yìí, omi sì ti rin ín gbingbin. Ẹni tó bá ti tú u débẹ̀ tí kò pààrọ̀ méjèèjì á tún san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀kejì. Owó sílíǹ yàrá ẹ̀yìn ló bá a lọ. Kó máa lọ. Aago mẹ́sàn-án la bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó da kúláǹtì àti omi sí i ní ìdajì-ìdajì, tí wọ́n ṣí ìdérí sílẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ kí atẹ́gùn lè jáde. Ohùn rẹ̀ rọ̀. Mo ti gbàgbé pé ó lè rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rù ni. Màá kọ ọ́ báyìí, bí mo tilẹ̀ ti kọ ọ́ lókè pé mo béèrè. Mo mọ̀ pé tí mo bá béèrè dáadáa, wọ́n á dá mi lóhùn, wọ́n lè ní tọ́pù gásíkẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì ló bàjẹ́, wọ́n lè dárúkọ owó tí mi ò ní. Omi kànga ò náni ní kọ́bọ̀.

Àbúrò mi tún pè lálẹ́ àná. Iye owó tó máa ń sọ náà ló sọ. Mo fi ránṣẹ́ kó tó parí ọ̀rọ̀. Mi ò bi í léèrè kankan.

Rárá, mi ò ní fi wọ́n wéra. Èèyàn kì í ṣe ọkọ̀. Ọmọ ìyá mi ni, ìyá wa sì ti sọ ohun tó sọ kó tó lọ. Ta ni màá gbé e lọ bá, kó tú u wò?

Ṣùgbọ́n láti ọ̀sán, gbogbo ìgbà tí mo bá rántí ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn, ohùn àbúrò mi ni mò ń gbọ́ tẹ̀ lé e.

Mo ti gbé kẹ́ẹ̀gì náà kúrò nínú búùtù, ó wà ní kíṣìnnì. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, lápá ọ̀tún. Mo ti mú tọ́ọ̀ṣì jáde lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta láti ìgbà tí mo ti dé. Ó gbẹ. Màá tún wò ó láàárọ̀, kí n tó gbálẹ̀.