Àkámọ́ méjì ni let ń fẹ́

Obìnrin 12 ló ń dá àjọ lọ́dọ̀ màmá mi, 5,000 náírà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan lóṣù. Ìwé tó fi ń ṣàkọsílẹ̀ ti gbó, ni mo bá ní kí n kọ kóòdù kékeré kan fún wọn nínú Emacs, ètò ìkọ̀wé orí kọ̀ǹpútà tó ní èdè kóòdù tirẹ̀, Emacs Lisp. Mo rò pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló bá a lọ.

    (defun ajo-osu (idawo eniyan)
      (let (owo idawo)
        (* owo eniyan)))

Mo fún un ní 5000 àti 12. 60000 ni mò ń retí, èyí ló jáde:

    Wrong type argument: number-or-marker-p, nil

Níbo ni nil, ìyẹn òfo, ti wá? Mo fi message, àṣẹ tó ń fi iye hàn lójú kọ̀ǹpútà, yẹ idawo wò kó tó dé let, àṣẹ tó ń so orúkọ mọ́ iye: 5000 ni. Mo gbé message yẹn wọ inú let: nil! Màmá mi yọjú, wọ́n ní, "Àbí kọ̀ǹpútà yẹn ti kówó àjọ jẹ ni?"

Clojure, èdè kóòdù mìíràn, ni mo kọ́kọ́ kọ́, ọwọ́ ibẹ̀ ni mo gbé wá. Níbẹ̀, (let [owo idawo] ...) ti tó: orúkọ àti iye rẹ̀ á tò lọ gbọọrọ nínú àkámọ́ onígun kan. Ní Emacs Lisp, orúkọ kọ̀ọ̀kan àti iye rẹ̀ ní àkámọ́ tiwọn, òmíràn á wá yí gbogbo wọn po. Orúkọ tó bá dá dúró, nil ni wọ́n ń fún un, láìbi ẹnikẹ́ni. Òun ni let ṣe sọ owo di òfo, tó tún dá idawo tuntun tó ṣófo, tó bo tèmi mọ́lẹ̀. Ká ní 5000 gan-an ni mo kọ síbẹ̀ ni, ì bá ti pariwo lójú ẹsẹ̀. Dídákẹ́ tó dákẹ́ yẹn ló dùn mí jù.

Mo yí i sí (let ((owo idawo)) ...), 60000 yọ. Ojúkòkòrò wá mú mi:

    (let ((owo idawo)
          (apapo (* owo eniyan)))
      apapo)

    Symbol's value as variable is void: owo

let a máa ṣírò gbogbo iye tán kó tó so orúkọ kankan mọ́ ọn, owo ò tíì sí nígbà tí apapo ń wá a. let* ló ń so wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìràwọ̀ kan péré!

Ní báyìí, mo máa ń tẹ TAB lórí ìlà tó tẹ̀ lé àwọn orúkọ. Tó bá sá lọ jókòó sábẹ́ (owo, mo ti mọ̀ pé mi ò pa àkámọ́ kan dé.

Màmá mi ní tiwọn ti ra ìwé tuntun.