Ọ̀bọ Lẹ́kí gba kúlíkúlì ìyá mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé ìrìn Èkó wo la rìn tí Màmá fi ń ròyìn ọ̀bọ kiri gbogbo Tánkè ní Ìlọrin, ẹ jókòó, mo ti dé.

Oṣù kìn-ín-ní ni. Ẹ mọ bí Ìlọrin ṣe máa ń rí nígbà yẹn, ọyẹ́ ti la ètè wa, eruku ti bo ewé máńgòrò, ibi tí pápá ò bá sì tíì jó, àwọn tó ń dọdẹ eku ń bọ̀ wá tiná bọ̀ ọ́. Táyé tó ń gbé Èkó pè pé ká wá lo ọjọ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ òun, la bá wọ mọ́tò, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, a dé Èkó lálẹ́, orúnkún Màmá ti wú. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ orúnkún ni pé nígbà tí Táyé ní òun fẹ́ mú wa lọ rìn nínú igbó, mo rò pé orí ẹ̀ ti dàrú ni. Igbó kẹ̀? Ní Lẹ́kí?

"Màmá, kò le rárá, orí pákó lẹ máa rìn. Kánópì náà wà níbẹ̀."

"Kánópì? Ta ló ń ṣe ìnáwó?"

Lekki Conservation Centre ló ń sọ. Ọdún 1990 ni wọ́n dá a sílẹ̀, ilẹ̀ ẹ̀ tó hẹ́kítà 78, àwọn Nigerian Conservation Foundation ló ń bójú tó o, kí díẹ̀ lè ṣẹ́kù nínú igbó etí òkun kí ilé tó gbà á tán. Wọ́n gbọ́n o. Torí tẹ́ ẹ bá ń gba títì tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lónìí, ilé lọ́tùn-ún, ilé lósì, igbó yẹn wá dá dúró sáàárín wọn bí irun tí abẹ gbàgbé.

Bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé báyìí, afárá pákó ló máa gbà yín, kò ga, kò sí òkè kò sí kòtò, ó kàn ń ṣẹ́ kọ́nà yípo inú igbó ni. Abẹ́ ẹ̀ ni àbàtà wà. Màmá dúró, ó wo omi tó kàn wà níbẹ̀ tí ò ṣàn lọ síbì kankan, ó ní, "Àbàtà takété bí ẹni tí kò bá odò tan." Àṣé gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ òwe yẹn, mi ò rí àbàtà gidi rí! Omi yẹn dúdú bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Èmi rò pé ó dọ̀tí ni, kò dọ̀tí, ewé ló ń jábọ́ sínú ẹ̀ tó ń rẹ, àwọ̀ ewé ló ń jáde. Níbi tí omi ò dé, yanrìn funfun lẹ ó rí, yanrìn òkun, kò jọ ilẹ̀ pupa tiwa yìí rárá.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni bí àwọn igi yẹn ṣe ń gbé pọ̀. Nílé lọ́dọ̀ wa, igi òrí dúró síbí, igi irú dúró sọ́hùn-ún, kálukú ló ní àgbàlá tiẹ̀, ẹ ó ti máa rí ẹni tó ń bọ̀ láti òkèèrè. Níbẹ̀ yẹn face-me-I-face-you ni, ọ̀pẹ ń ti àgbọn, ògùrọ̀ tẹsẹ̀ bọ omi, okùn igbó wé mọ́ gbogbo wọn, òòrùn gan-an ní láti bẹ̀bẹ̀ kó tó wọlé. Màmá ṣáà ń wá igi òrí kiri. Ta ló máa gbin òrí sínú omi, ẹ̀yin Màmá? Ó wá ní, "Pápá ò lè jó níbí láéláé." Lóòótọ́, kí ló fẹ́ jó?

A dúró níbi tí wọ́n ti ń wo ọ̀nì, a ò rí ọ̀nì. Màmá ní kó má yọjú.

Ọ̀bọ ló yọjú. Wọ́n ti kìlọ̀ fún wa lẹ́nu ọ̀nà pé ká má gbé oúnjẹ sọ́wọ́, àmọ́ Màmá tú ọ̀rá kúlíkúlì tó gbé wá láti Ìlọrin pé òun fẹ́ jẹ ẹyọ kan péré, kó tó di pé mo sọ pé "ẹ má ṣe," ọ̀bọ kan ti já a gbà, ó ti wà lókè, ó jókòó ó ń jẹ ẹ́, kò tiẹ̀ sá fún wa. Mo fẹ́ ju igi sí i, Màmá di ọwọ́ mi mú: "Kẹ́hìndé, fi í sílẹ̀! Ẹ̀yin ọmọ ẹdun, ṣé o fẹ́ lu ìbátan ẹ ni?" Táyé ń rẹ́rìn-ín débi pé ó jókòó sílẹ̀.

Kánópì tó ń sọ wá jẹ́ afárá tí wọ́n fi okùn irin so sókè orí igi, gígùn ẹ̀ jẹ́ mítà 401, ó sì ń mì. Màmá ní kí Táyé kọ́kọ́ lọ tọ́ ọ wò, ṣebí iṣẹ́ ẹ̀ látilẹ̀ nìyẹn. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n tẹ̀ lé e, mi ò ní purọ́ fún yín, ojú mi ò kúrò ní ẹ̀yìn bàtà Táyé títí a fi sọ̀kalẹ̀, ẹ má bi mí pé kí ni mo rí lókè. Nígbà tá a máa padà dé, Màmá ti bọ́ bàtà, ó nasẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ó ní orúnkún ò dun òun mọ́.

Ọ̀bọ tí mo rí ò ju ológbò ńlá lọ o. Ní ọjọ́ kẹta tá a padà dé Ìlọrin, ó ti di ìnàkí lẹ́nu Màmá. Lánàá ni mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá tó ń ta wàrà pé àwọn méjì ni.