Kí ẹ tó gé páìpù ìgbẹ́ ní London

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ páìpù ní London, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ti gba firídọ̀mù nílé kí ẹ tó dé, oníbàárà yóò bi yín títí pé: "Ṣé a ní láti gbàṣẹ kí á tó pààrọ̀ páìpù ìgbẹ́ tó ti gbó yìí?" Ẹ má sáré dáhùn. Ẹni tó ní "bẹ́ẹ̀ ni" lè ṣìnà, ẹni tó ní "rárá" náà lè ṣìnà. Ẹ kọ́kọ́ wádìí pé páìpù ta ni, kí ẹ sì mọ ibi tó gbà.

Nílé, inú ọgbà bàbá onílé ni gbogbo rẹ̀ ń parí sí, láti ilé ìgbẹ́ dé sọ́kàwéè. Ẹni tó ni ilé ló ni páìpù, òun náà ló ni òórùn rẹ̀. Níbí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2011, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú páìpù abẹ́ ilẹ̀ tí ilé méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ jọ ń lò ti di ti ilé-iṣẹ́ omi, ìbáà jẹ́ abẹ́ kíṣìnì oníbàárà yín ló gbà kọjá. Ní London, Thames Water nìyẹn. Páìpù tó tiẹ̀ jẹ́ ti ilé kan ṣoṣo, bó bá ti kọjá ààlà ilé náà bọ́ sí ojú títì, ó sábà máa ń di tiwọn. Ẹ wo àwọn ilé tó fara kọ́ra ní Peckham tàbí Tottenham: páìpù kan lè gba ẹ̀yìn ilé mẹ́fà kọjá. Bí irú rẹ̀ bá ya, ẹ má gbé dígà. Kí oníbàárà pe ilé-iṣẹ́ omi, àwọn ni yóò tún un ṣe lówó ara wọn. Mo ti rí ẹni tó sanwó gọbọi fún oníṣẹ́ lórí páìpù tí kì í ṣe tirẹ̀. Bí oníbàárà bá sì fẹ́ kọ́ yàrá kún ilé lórí irú páìpù bẹ́ẹ̀, tàbí láàárín mítà mẹ́ta sí i, ìwé Thames Water wà lọ́tọ̀, ti káńsù wà lọ́tọ̀.

Fúláàtì ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, torí ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa ló ra fúláàtì káńsù. Wọn á ní, "Ilé mi ni, mo ti ra á." Ẹ ní kí wọ́n mú ìwé lease wá, ìyẹn àdéhùn tó wà láàárín àwọn àti onílé gíga náà. Páìpù gbọọrọ tó ti òkè pátápátá sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹni tó ni ilé gíga náà, kì í ṣe ti ẹni tó ra fúláàtì. Ìdọ̀tí àwọn ará òkè ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kò sì sí bí ẹ ó ṣe ní kí wọ́n má ṣe yàgbẹ́ títí ẹ ó fi parí. Ìwé ìyọ̀ǹda onílé ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà. Bí ilé náà bá ga tó mítà 18, tàbí tó ní àjà méje sókè, Building Safety Regulator, àjọ tó ń rí sí ààbò ilé, ló ń bójú tó iṣẹ́ tó nílò ìfọwọ́sí níbẹ̀, kì í ṣe káńsù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn jù níbẹ̀ ni iná. Páìpù irin àtijọ́ kì í yọ́ bí iná bá sọ nínú fúláàtì kan. Èyí oníke máa ń yọ́, á wá fi ihò sílẹ̀ láàárín àjà kan sí èkejì, iná àti èéfín á gba ibẹ̀ gòkè. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fi kọ́là iná, òrùka tó máa ń wú dí ihò náà bí iná bá dé, sí i lọ́rùn níbi tó ti gba àjà kọjá. Ẹni tó bá yọ irin tó sì fi ike dípò rẹ̀ láìfi kọ́là sí i ti dín ààbò ilé náà kù, bó tilẹ̀ sọ pé òun kàn pààrọ̀ páìpù ni.

Ilé tó dá dúró kò nira tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá yọ páìpù tó ya lábẹ́ básíà, tí ẹ fi tuntun sí ojú ibẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìwé. Ṣùgbọ́n ilé ìgbẹ́ tuntun níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, tàbí páìpù tuntun lábẹ́ ilẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó building control, àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ ilé wò, létí. Tó bá jẹ́ gbogbo páìpù tó wà lára ògiri láti òkè délẹ̀ lẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ pe káńsù kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gba èsì wọn sórí ímeèlì. Ilé tí ìjọba kọ sílẹ̀ bí ilé àjogúnbá (listed building) ní àṣẹ tirẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ òfin sì ni láti ṣe iṣẹ́ tó bá yí ìrísí àbáláyé rẹ̀ padà láìgbà á. Ti England ni mo ń sọ o. Scotland ní òfin tiwọn.

Pé a kò fi iṣẹ́ kan tó ẹnikẹ́ni létí kò yọ ọ́ kúrò lábẹ́ Part H, apá tó sọ nípa páìpù omi ìdọ̀tí nínú òfin ìkọ́lé, Building Regulations 2010. Páìpù tó ti básíà tàbí ọpọ́n ìwẹ̀ wá gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ ní mílímítà 18 ó kéré tán lórí mítà kan. Orí páìpù afẹ́fẹ́, èyí tó ń gbé òórùn jáde sókè, gbọ́dọ̀ fi mílímítà 900 ga ju fèrèsé tó bá wà láàárín mítà mẹ́ta sí i. Bí ẹ bá parí, ẹ fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀ títí yóò fi gbé omi inú ìwọ̀n sókè ní mílímítà 38, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ sì da àwọ̀ sínú omi, kí ẹ ṣí ìdérí ihò páìpù tó wà níta, kí ẹ wo ibi tí àwọ̀ náà yọ sí. Ọ̀pọ̀ àdúgbò ní páìpù omi òjò lọ́tọ̀, odò ni tọ̀hún ń lọ tààrà. Ẹni tó so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ọn ń da ọṣẹ sódò.

Páìpù eléérú tó dà bíi símẹ́ńtì, ẹ fura sí i, ó lè ní asbestos nínú, èròjà tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ọdún 1999 ni wọ́n tó fòfin de asbestos pátápátá níbí. Ẹ má fi ayùn tàbí máṣíìnì gé e, ẹ má fi òòlù fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa asbestos yẹ̀ ẹ́ wò ná.

Bí ẹ bá ń kọ iye owó iṣẹ́ fún oníbàárà, ẹ kọ owó káńsù sórí ìlà tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí owó iṣẹ́ yín. Ẹni tó bá ní kí ẹ yọ ìlà yẹn kúrò, ẹ sọ fún un pé lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ta ilé, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á lè béèrè ìwé tí káńsù fi fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ó ṣì lè gba ìfọwọ́sí tí wọ́n ń pè ní regularisation lọ́wọ́ káńsù lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá ti parí, àmọ́ wọ́n lè ní kó tú ògiri tí ẹ ti rẹ́ kí wọ́n lè wo páìpù tó wà lẹ́yìn rẹ̀, owó ẹni tó tú u àti ẹni tó tún un rẹ́ á sì tún wà lọ́rùn rẹ̀.